Ṣé omi oṣù Keje nìkan tó láti fi sọ pé ara ọ̀sà le?

Ará Kúbwà:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Kúbwà ní Àbújá ni mo ń gbé, iṣẹ́ mi sì ni kíka ìròyìn àyẹ̀wò àyíká tí àwọn agbaṣẹ́ṣe bá kó wá. Èyí tó wà níwájú mi báyìí dá lórí apá kan Ọ̀sà Èkó. Oṣù Keje ni àwọn tó kọ ọ́ lọ bu omi, lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ní ọ́síjìn inú rẹ̀ pọ̀ tó, iyọ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀, ni wọ́n bá kọ ọ́ pé ara ọ̀sà náà le. Ọkàn mi kò gbà á. Adágún Jábì àti omi dáàmù ni ojú wa mọ̀ níbí, n kò sì fẹ́ fi ojú omi tí kò mọ òkun wo ọ̀sà. Kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ wọn kí n tó fọwọ́ sí i?

Olùkọ́ Sàmàrù:
Ó dára tí ẹ kò tíì fọwọ́ sí i. Ní oṣù Keje, òjò ti kún odò Ògùn àti àwọn odò yòókù tó ń wọ Ọ̀sà Èkó, omi wọn á sì ti ti omi iyọ̀ padà sí ọ̀nà òkun. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí odò fà, omi òkun á tún gba ẹnu èbúté wọlé. Àkókò ni àìsí iyọ̀ yẹn ń sọ fún wa, kò sọ nǹkan kan nípa ìlera. Kí wọ́n tún lọ wọ̀n ọ́n ní oṣù Kejì.

Ti ọ́síjìn ló ká mi lára jù. Lọ́sàn-án, àwọn ewéko tíntìntín inú omi ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, wọ́n sì ń tú ọ́síjìn sílẹ̀. Lóru, wọn kì í tú u sílẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn àti ẹja àti àwọn kòkòrò tó ń mú nǹkan jẹrà ṣì ń lò ó. Ọ̀sà tí omi ìgbẹ́ ìlú ti sọ irú ewéko bẹ́ẹ̀ di púpọ̀ lè ní ọ́síjìn yanturu ní aago méjì ọ̀sán, kí ó sì já wá sí ìsàlẹ̀ mílígíráàmù 2 nínú lítà omi kan kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀pọ̀ ẹja kò sì lè fara da ìyẹn. Ìdájí ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n, nítòsí ìsàlẹ̀.

Kí wọ́n sì bu ẹrẹ̀, nítorí pé omi ìdọ̀tí lè bá òkun lọ kí ọjọ́ tó kanrí, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ máa ń pa ẹrù rẹ̀ mọ́. Bí ó bá dúdú, tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tó sì jẹ́ pé aràn kékeré tó ń jẹ́ Capitella nìkan ló kún ibẹ̀, a jẹ́ pé ẹrù ìdọ̀tí ti wọ ibẹ̀ lára.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Jábì:
Ẹ ṣé gan-an, Olùkọ́. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń da àwọ̀n lójoojúmọ́ mọ ìgbà tí ọ̀bọ̀kún dín kù àti ibi tí akàn kò ti sí mọ́. Ọ̀rọ̀ water hyacinth, ewéko tó ń léfòó lójú omi, náà ń kọ́? Ó ti wà nínú omi wa láti àwọn ọdún 1980. Ó máa ń tẹ́ rẹrẹ lójú omi nígbà òjò, iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn á pa á, á rì, á sì jẹrà mọ́ ìsàlẹ̀.

Ará Kúbwà:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa ní oríṣi ẹ̀dá tí kò pọ̀ ti tó ẹ̀rí pé ọ̀sà ń ṣàìsàn. Ṣé òótọ́ ni?

Olùkọ́ Sàmàrù:
Rárá. Iyọ̀ tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ kò jẹ́ kí oríṣi ẹ̀dá pọ̀ nínú ọ̀sà bí ó ti pọ̀ nínú òkun, kódà níbi tí ènìyàn kò ti bà á jẹ́. Apá ọ̀sà tí iyọ̀ àti ẹrẹ̀ rẹ̀ jọra, tí ìdọ̀tí kò pọ̀ níbẹ̀, ni kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ má sì gbàgbé ẹnu ọ̀nà òkun. Ní ọ̀sà Chilika ní Íńdíà, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ló ń dí ẹnu ọ̀nà náà. Iyọ̀ dín kù, koríko gba ojú omi, ẹja sì dín kù. Ní 1993 wọ́n kọ ọ́ mọ́ àwọn ilẹ̀ olómi tó wà nínú ewu lábẹ́ Àdéhùn Ramsar, àdéhùn àgbáyé lórí ìdáàbòbò ilẹ̀ olómi. Wọ́n la ẹnu tuntun fún un ní 2000, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ní 2002. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín lórí máàpù ibi tí wọ́n ti bu omi, bí ó ti jìnnà sí ẹnu òkun tó, àti bóyá wọ́n ń wa iyanrìn nítòsí ibẹ̀.