Oògùn ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọmú

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá fi sílíkóònì sí ọmú, ṣé parasitamọ́ọ̀ nìkan tó?

Èsì 1: Òun ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Oníhóró 500mg méjì ní wákàtí 6-6, kó má ju hóró 8 lọ lóòjọ́. Ẹ má dúró dìgbà tí ìrora bá le kí ẹ tó lò ó. Ẹ ka ara páálí oògùn òtútù o, parasitamọ́ọ̀ sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń jìyà àlékún.

Èsì 2: Ibuprofen 400mg lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, lẹ́yìn oúnjẹ, tí dókítà bá gbà. Kì í ṣe fún ọlọ́gbẹ́ inú tàbí aláìsàn kíndìnrín. Aspirin kọ́: kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá.

Èsì 3: Tramadol, oògùn ìrora tó lágbára jù wọ̀nyí lọ, ń fa oorun àti àìrí ìgbẹ́ yà. Bí ọmú kan bá ṣàdédé wú, tó le gan-an, ẹ pe dókítà kíá. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń kóra jọ nínú.