Pickup dísù fún oko: Hilux àbí Land Cruiser 79? Ṣé kí n gbé turbo lé e?

OlókoẸ̀gẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Pickup dísù tó lè wọ oko ni mo ń wá, lápá Ṣakí. Ẹ̀gẹ́ ló máa kó, 800 sí 1,000 kìlógíráàmù lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà náà tó kìlómítà 30, eruku pupa ni lọ́gbẹlẹ̀, ẹrẹ̀ ni lójò, odò kan sì wà níbẹ̀ tó máa ń kan orúnkún. Mẹ́ta ni mo ti rí, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn: Hilux àtijọ́ tó ní ẹ́ńjìnì 5L, Hilux Vigo tó ní 2KD, àti Land Cruiser 79 tó ní 1HZ. Èwo ló máa pẹ́ jù lọ́wọ́ mi? Ẹni tó ń ta 79 sọ pé bí kò bá lágbára tó lójú mi, kí n gbé turbo lé e. Ẹni tó ń ta Vigo náà ní òun mọ ẹni tó lè bá mi tún brain box rẹ̀ ṣe kó lè máa fà dáadáa. Ṣé kí n gbà?

ỌmọGate

79 ni, bí owó yín bá ká a. Kì í sì í ṣe nítorí ẹ́ńjìnì nìkan, axle ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ ń wò. Lára 79, ilé axle fúnra rẹ̀ ló ru ìwúwo mọ́tò àti ẹrù. Iṣẹ́ ṣáfùtù inú rẹ̀ kò ju kó yí ẹsẹ̀ lọ. Bí ṣáfùtù bá kán, táyà ò ní yọ. Lára Hilux, ṣáfùtù tó ń yí ẹsẹ̀ náà ló tún ru ẹrù, orí béárìn kan ló sì gbára lé níbi ìkangun. Ẹ máa fi tọ́ọ̀nù kan gbá a nínú kòtò lójoojúmọ́, béárìn yẹn á jẹ, oil seal á ya, ọ́ìlì á sì dà sí bírékì lára. Hilux tẹ́ ẹ bá rí tí inú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tutù fún ọ́ìlì, ẹ mọ ohun tí wọ́n fi kó.

Ní ti ẹ́ńjìnì, ìṣe kan náà ni 1HZ àti 5L. Sílíńdà mẹ́fà, 4,164 cc ni 1HZ. Mẹ́rin, 2,986 cc ni 5L. Kò sí turbo lára wọn, pọ́ǹpù onírin ló ń pín epo fún nọ́sù. (Bó bá jẹ́ 5L-E ni, ìyẹn ní brain box o, ẹ wò ó dáadáa.) Dísù tí a ń rà ládùúgbò, tó jẹ́ pé omi àti ìdọ̀tí kì í wọ́n nínú rẹ̀, àwọn ẹ́ńjìnì báyìí lè fara dà á ju ti common rail lọ (irú ti 2KD, tí brain box ń darí, tí epo ń dúró pẹ̀lú ìtì ńlá nínú páìpù kan tí wọ́n ń pè ní rail).

Ohun méjì ló ń pa wọ́n: ìgbóná àti timing belt (bẹ́líìtì tó ń mú kí valve àti písítìnì bára wọn rìn). Iná T-BELT tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ẹ̀rí, ẹni tó ń tà á lè ti pa á. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rà á ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ belt àti tensioner rẹ̀, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ oil seal camshaft àti ti iwájú crankshaft pọ̀ mọ́ ọn, torí ọ́ìlì tó bá ń kán sí belt lára ló ń jẹ ẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Lẹ́yìn náà, kìlómítà 100,000 kọ̀ọ̀kan. Bó bá já lórí ìrìn, valve á lu písítìnì, iṣẹ́ ti di ńlá nìyẹn.

2KD, 2,494 cc, kì í ṣe ẹ́ńjìnì burúkú, àmọ́ ó fẹ́ epo tó mọ́ àti ẹni tó mọ̀ ọ́n. Wáṣà bàbà kan wà lábẹ́ nọ́sù kọ̀ọ̀kan. Bí wáṣà yẹn ò bá dí dáadáa mọ́, èéfín iná á máa gba ibẹ̀ wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì á ki bí ọ̀dà, á sì lọ dí sẹ́ẹ̀vù tó ń fa ọ́ìlì nínú sump (ọpọ́n ọ́ìlì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì). Ìgbà tí iná ọ́ìlì bá fi tàn, turbo àti béárìn ti ń kú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra 2KD, kó ní kí wọ́n tú sump kalẹ̀ kó fojú ara rẹ̀ rí sẹ́ẹ̀vù yẹn. Owó kékeré ni wáṣà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa gbà. Ẹ tún fetí sí i nígbà tó bá wà lórí ìdúró: bí ohùn rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ SCV, fáàfù tó ń díwọ̀n epo, tó wà lára pọ́ǹpù.

Bàbá Nọ́sù

ỌmọGate ti sọ̀rọ̀ axle, ẹ jẹ́ kí n mú ti turbo.

Nínú 1HZ, epo kì í bọ́ sórí písítìnì tààrà. Yàrá kékeré kan wà nínú top cylinder, ibẹ̀ ló ti ń kọ́kọ́ gbiná kí iná tó gba ẹnu tóóró jáde sórí písítìnì. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi rọ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ooru ń kó sí. Ẹ gbé turbo lé e, ẹ fi epo kún un, ẹnu yàrá yẹn ni yóò kọ́kọ́ sán, top cylinder á tẹ̀ lé e. Ìfúnpọ̀ (compression ratio) tí wọ́n fi ṣe 1HZ láti ilé iṣẹ́ jẹ́ 22.4 sí 1, nítorí pé kò ní turbo. Nígbà tí Toyota fúnra wọn fẹ́ turbo lórí ẹ́ńjìnì 4.2 kan náà, 1HD-T ni wọ́n ṣe: wọ́n yọ yàrá yẹn kúrò, epo ń bọ́ sórí písítìnì tààrà, wọ́n sì sọ ìfúnpọ̀ kalẹ̀ sí 18.6 sí 1. Ẹ wo iye nǹkan tí wọ́n yí padà. Ẹni tó bá ń pọ́n turbo mọ́ 1HZ fún yín ò ní yí ìkankan nínú wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tọ́nabíìsì yí sùkúrúù epo tó wà lẹ́yìn pọ́ǹpù kó ní òun fi agbára kún un. Èéfín dúdú tẹ́ ẹ máa rí, epo tí kò rí afẹ́fẹ́ jó ni. Owó yín ló ń bá sàléńsà jáde, ooru rẹ̀ sì wà lórí písítìnì.

Ti Vigo ńkọ́? Àpótí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọn, irọ́ ló ń pa fún brain box. Á sọ pé agbára tí epo fi ń ti inú rail kò tó, brain box á sì tún fún un sí i. Ìtì epo inú rail yẹn ju bar 1,000 lọ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án rárá. Omi kín-ín-kín tó bá bá a dé ẹnu nọ́sù, nọ́sù ti bàjẹ́. Nọ́sù tó bá ń kán dípò kó máa fọ́n, orí písítìnì kan ni yóò máa sun títí tí yóò fi lu. Kílọ́ọ̀ṣì náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lábẹ́ ẹrù.

AdéPerth

Mo gbà pẹ̀lú Bàbá lórí ti Vigo. Lórí 1HZ, mi ò gbà tán. Ní Ọsirélíà níbí, turbo lórí 1HZ kì í ṣe tuntun, àwọn tó ṣe é dáadáa wà, ó sì ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú un pẹ́ rèé: boost (ìtì afẹ́fẹ́ tí turbo ń fún ẹ́ńjìnì) kì í ju psi 7 lọ, aago ooru sàléńsà wà níwájú dírẹ́bà, ẹnu rẹ̀ wọ inú manifold kí èéfín tó dé turbo, bó bá sì ń súnmọ́ 650°C lórí òkè, dírẹ́bà á gbẹ́sẹ̀ kúrò, á mú jíà wálẹ̀. Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń fi epo kún un bí boost bá ṣe ń wọlé, kó má jẹ́ pé epo ti pọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó dé. Sàléńsà oní-ínṣì 3. Ọ́ìlì ní kìlómítà 5,000. Ká tó ṣe gbogbo èyí, compression gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Bàbá Nọ́sù

Adé, òótọ́ lo sọ, mo sì dúpẹ́ pé o sọ ọ́ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Àmọ́ wo iṣẹ́ tí olóko fẹ́ ṣe. Ọ̀nà tí kò ṣeé sáré lórí ẹ̀ ni, jíà kejì, jíà kẹta. Agbára ìyí (torque) 285 Nm tí 1HZ ní, ní 2,200 rpm ló ti ń yọ ọ́. Níbi tí ẹrẹ̀ bá wà, low range (jíà kékeré 4WD) ló máa fà á jáde, kì í ṣe turbo. Ọ̀nà márosẹ̀ ni turbo ti wúlò, nígbà téèyàn bá fẹ́ bá àwọn yòókù sáré.

Níbi tó yẹ kí owó turbo yẹn lọ: àkọ́kọ́, fílítà tó ń ya omi kúrò lára dísù, kó tóbi, kí abọ́ rẹ̀ jẹ́ èyí tí a lè rí inú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa tú omi rẹ̀ dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀kejì, ọ̀nà afẹ́fẹ́. Eruku Òkè-Ògùn lásìkò ọyẹ́ lè jẹ ring tán kí ẹ tó mọ̀. Ẹ tú páìpù tó wà lẹ́yìn fílítà, ẹ fi ìka nu inú rẹ̀. Bí eruku bá wà níbẹ̀, ojú kan wà tí kò dí. Ẹ má fọ fílítà oníwèé, ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ́ńpúrẹ́sọ̀ lù ú ní líle, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Snorkel dára, kò sì jẹ́ torí odò nìkan, afẹ́fẹ́ òkè ni eruku rẹ̀ dín kù. Ẹ̀kẹta, ewé sípíríìngì kan sí i lẹ́yìn, ní apá méjèèjì. Táyà 7.50R16 tó ní ewé (ply) mọ́tò ẹrù ni kẹ́ ẹ fi sí i.

Fún odò yẹn: diff (àpótí jíà tó wà láàárín axle) tó gbóná tó bá kó sínú omi tútù á fa omi wọlé láti ihò èémí rẹ̀. Ẹ fi rọ́bà gùn ún dé òkè, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ọ́ìlì diff bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́, ẹ dà á nù lọ́jọ́ náà.

OlókoẸ̀gẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin bàbá. 79 ni mo máa mú, láìsí turbo. Mo wá bi mẹkáníìkì ẹni tó ń tà á, ó ní àwọn ti yọ thermostat rẹ̀ dànù kó má baà gbóná. Ṣé kí n sá fún un?

ỌmọGate

Ẹ má tíì sá, ẹ dín owó rẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n ohun tó mú un gbóná. Thermostat Toyota yẹn (fáàfù tó ń dúró kí omi ẹ́ńjìnì gbóná kó tó ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ fún un) ní ọmọrí kan nísàlẹ̀ tó ń dí ọ̀nà kúkúrú tí omi ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnì. Ẹ yọ ọ́, ọ̀nà kúkúrú yẹn ṣí sílẹ̀ títí, apá kan omi ò ní dé rédíétọ̀ mọ́. Nítorí náà, lórí òkè pẹ̀lú ẹrù, ó tún lè gbóná jù. Lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, tútù ni yóò máa rìn, dísù tó bá sì ń rìn ní tútù máa ń jẹ sílíńdà.

Ẹ lọ ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí wọ́n má tíì ṣáná sí i. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Bó bá gbóná, ẹ padà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ ṣí rédíétọ̀, ẹ wò bóyá ọ́ìlì wà lójú omi. Ẹ ṣáná. Èéfín funfun tó pẹ́ kó tó lọ, plọ́ọ̀gì ìmúgbóná tàbí compression ni. Aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jẹ. Bí omi inú rédíétọ̀ bá ń hó fùkẹ̀fùkẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò tíì gbóná o, gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí top cylinder ti lọ. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí ihò. Bí afẹ́fẹ́ inú bá ń jù ú kúrò, ring ti jẹ. Bí èyí bá yege, ẹ wá ẹni tó máa wọn compression láti ihò plọ́ọ̀gì ìmúgbóná, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Èyí tó pọ̀ jù àti èyí tó kéré jù kò gbọ́dọ̀ fi psi 70 jura lọ.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òòlù kékeré, ẹ kan ṣásì níbi tí sípíríìngì ẹ̀yìn so mọ́. Èyí tó ti rìn níbi tí wọ́n ń da iyọ̀ sí títì nítorí yìnyín, ibẹ̀ ló ti ń jẹrà. Ẹ bá mi mú thermostat tuntun dání láti ọjà páàtì Araromi ní Gate, Ìbàdàn, kẹ́ ẹ mọ̀ pé ojúlówó ni, kí wọ́n dè é padà kẹ́ ẹ tó wà á kúrò níbẹ̀.