Bọ́ọ̀dù ò lé olè, ààlè ló lé e

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Oko ẹ̀gẹ́ wa lápá Ìṣẹ́yìn ni o, mo ní kí n ṣe bí ọ̀làjú, mo fún péńtà lówó, ó kọ KEEP OFF gàdàgbà sára páànù, ó tún ya agbárí òkú sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ò pé, wọ́n wú ẹ̀gẹ́ ebè tó lé lógún, wọ́n tún yọ bọ́ọ̀dù náà lọ! Mo padà rí i lábúlé, wọ́n ti fi ṣe ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́, agbárí yẹn wá ń wò mí ṣáá. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n so ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo àti ẹsẹ̀ bàtà kan tó ti já mọ́ ọ̀pá, wọ́n fi màrìwò yí i ká, wọ́n rì í mọ́ ẹnu ọ̀nà oko, ó parí. Kò sóògùn kankan níbẹ̀ o, ojú mi ló ṣe. Mo ní kí ni ti ìkarahun, wọ́n ní bó ṣe ṣófo yẹn nilé olè máa ṣófo. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, èèyàn ò wú ẹyọ kan. Màlúù nìkan ni ò mọ ààlè.

Hahaha màlúù! Ẹ̀gbọ́n, ààlè wà ní Texas níbí náà o, ọ̀dà ni tiwọn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi lọ ra ewúrẹ́ lóko kan lẹ́yìn Houston, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, mo yà sígbó, mo rí i tí wọ́n fi ọ̀dà elésè àlùkò fa ìlà sára igi, mo rò pé àwọn tí wọ́n fẹ́ gé ni. Ọ̀rẹ́ mi figbe ta, ó ní jáde níbẹ̀ jàre! Àṣé òfin ni, láti 1997, ìlà yẹn gbọ́dọ̀ gùn tó íǹṣì 8, ìsàlẹ̀ ẹ̀ á fi ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 5 ga sílẹ̀, wọn ò ní kọ nǹkan kan o, tóo bá ti rí i o ò gbọdọ̀ wọlé. Mo di ìtọ̀ mọ́ra dé ilé epo.

Èmi lolè ní tèmi, ẹ má bínú. Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ìyá kan ládùúgbò wa so aṣọ pupa mọ́ igi máńgòrò wọn, mo ṣáà ká méjì. Mi ò sùn mọ́jú, mò ń tẹ ikùn wò bóyá ó ti ń wú. Ilẹ̀ mọ́, mo pọnmi lọ fún ìyá, wọn ò bi mí ní nǹkan kan, wọ́n súre fún mi títí, wọ́n wá já máńgòrò mẹ́ta lé mi lọ́wọ́. Mi ò lè jẹ ẹ́.