Sàlẹ́ńsà wo ló yẹ alùpùpù ìrìn-àjò?

Ọmọ Títì:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ra alùpùpù ìrìn-àjò àlòkù kan, sílíńdà méjì, 1200cc, àpótí ẹrù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Sàlẹ́ńsà tó bá a wá wúwo bí ọlọ, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti wo fídíò títí ojú fi ń ta mí, gbogbo wọn ló ń bú bíi kìnnìún. Èmi àti ìyàwó mi la jọ máa ń gùn ún, 500 sí 600 kìlómítà lójúmọ́ tá a bá gba ìsinmi. Èwo ni kí n rà, kí sì ni kí n yẹra fún?

Bàbá Sípánà:
Kú oríire máṣíìnì, àbúrò. Kọ́kọ́ pa fídíò wọ̀nyẹn tì ná. Ẹni tó ká ohùn yẹn sílẹ̀ gbé fóònù sí ẹ̀yìn alùpùpù, ó fọn ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mẹta, ó parí. Iwájú ni ìwọ máa wà, atẹ́gùn á máa gbá ọ létí, ojú kan náà ni ẹ́ńjìnnì á sì dúró sí fún wákàtí mẹ́fà. Fún ìrìn-àjò, ohùn tó ṣe é gbàgbé là ń rà.

Èmi náà ti jẹ ìyà ẹ̀ rí. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ra máṣíìnì ńlá, mo gbé sàlẹ́ńsà kan sí i nítorí ohùn nìkan. Nígboro, àwọn èèyàn ń yíjú wò mí, inú mi ń dùn. Ọjọ́ tí mo gbé e dé ọ̀nà márosẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì ṣe dé 3,500 rpm báyìí (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin tí wọ́n dé mọ́nú garawa. Kì í kúkú ṣe pé ó ń pariwo. Ìró ìsàlẹ̀ ni. Ó gba ìjókòó wọ inú àyà mi, ó gba ọwọ́ máṣíìnì wọ èjìká, ìdérí àpótí ọ̀tún náà ń gbọ̀n tẹ̀ lé e. Tí mo bá sáré dé 4,000 á dákẹ́. Tí mo bá dẹwọ́, ọlọ́kọ̀ ẹrù á wà nídìí mi. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ti dùbúlẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, mo ṣì ń gbọ́ ọ. N kò lò ó pé oṣù kan tí mo fi tà á. Mo sì sọ ohun tó ń ṣe fún ẹni tó rà á o. Ó ní ìgboro lòun ti ń gùn ní tòun, kò kan òun.

Ohun tó ń fà á kò ṣòro. Sàlẹ́ńsà kọ̀ọ̀kan ní gígùn àti àyè inú tirẹ̀, bí ìgò ṣe ní ohùn tirẹ̀ téèyàn bá fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Bí ohùn yẹn bá bọ́ sí ibi tí ẹ́ńjìnnì rẹ máa ń dúró sí lójú ọ̀nà, wàhálà dé. Torí náà, kí o tó wo orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan, gun máṣíìnì yẹn jáde, sá eré tí o máa ń sá gan-an nínú jíà tó ga jù, kí o wo iye tí rpm wà. Kọ ọ́ sílẹ̀. Tí o bá wá rí ẹni tó ní irú máṣíìnì rẹ àti sàlẹ́ńsà tí o fẹ́, má bi í pé ṣé ó ń dún dáadáa. Kò sẹ́ni tó máa bú ohun tó fowó ara rẹ̀ rà. Bi í pé kí ló máa ń ṣe tó bá dé iye yìí.

Ọmọ Títì:
Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Àná ni mo lọ wò ó: 3,800 ní 110 kìlómítà ní wákàtí kan. Ṣé slip-on wá ni kí n rà ni, àbí full system? Ẹnì kan ní full system ló ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára.

Bàbá Sípánà:
Slip-on. Sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn nìkan ni ìyẹn ń pààrọ̀. Full system máa tú gbogbo páìpù láti ẹnu ẹ́ńjìnnì wá. Catalytic converter tó ń fọ èéfín, inú páìpù abẹ́ ẹ́ńjìnnì ló wà lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì òde òní, slip-on kì í sì í fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí tiwọn wà nínú sàlẹ́ńsà fúnra rẹ̀. Dùbúlẹ̀ wo abẹ́ tìrẹ kí o tó sanwó, torí tí o bá yọ ọ́ dànù, níbi tí wọ́n bá ti ń yẹ èéfín wò, wọ́n á mú ọ.

Ti agbára yẹn, slip-on ò fi bẹ́ẹ̀ fi nǹkan kún un. Ohun tí o máa mọ̀ lára ni pé máṣíìnì fúyẹ́ lẹ́yìn, pàápàá tó bá jẹ́ titanium, torí díẹ̀ ló fi ju ìlàjì ìwúwo irin lọ. Irin tí kì í dípẹtà náà dára, ó wúwo díẹ̀ sí i, àmọ́ ó lágbára bí òkúta bá ta bà á. Carbon, ẹwà ló pọ̀ jù níbẹ̀ lójú tèmi.

Full system lè fi agbára kún un lókè, níbi tí àwọn tó ń sáré ìje ti ń lò ó, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ gba ètò epo tuntun kó tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Bí páìpù bá wá ṣí sílẹ̀ gbayawu, agbára ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń sá lọ. Ìwọ tí o gbé ìyàwó àti àpótí méjì gun òkè, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an lo nílò.

Nǹkan méjì tó máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì ní fáàfù kan nínú páìpù èéfín, mọ́tò kékeré ló ń ṣí i tó ń pa á. Bí sàlẹ́ńsà tuntun kò bá ní ibi tó máa so ó mọ́, kọ̀ǹpútà á tan iná ìkìlọ̀ sí ọ lójú. Èkejì, tó bá ń yìnbọn pá-pá-pá nígbà tí o bá jáwọ́ lára epo, má tíì sáré lọ bá àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Atẹ́gùn ló sábà máa ń gba ibi tí sàlẹ́ńsà ti so mọ́ páìpù wọlé. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun àti kíláǹpù tó fún dáadáa máa ń tán an.

Ará Jámánì:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ohùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin. Níbí, òǹtẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lára sàlẹ́ńsà: lẹ́tà E nínú òbìrí, nọ́ńbà á tẹ̀ lé e. E1 ni Jámánì, E2 ni Faransé, E3 ni Ítálì, E4 ni Netherlands. Ibi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ibẹ̀ nìkan lẹ ti lè lò ó. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ ni pé ìfọwọ́sí náà wà fún àwọn máṣíìnì tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ nìkan. Ẹ lè rí àlòkù tó ní òǹtẹ̀ tó dán gbinrin, kó wọ máṣíìnì yín bí ìbọ̀wọ́, kó má sì bófin mu lára rẹ̀. Torí náà, ẹ gba ìwé pọ̀ mọ́ ọjà.

Àwọn kan ní páìpù kékeré kan lẹ́nu tó ń dín ariwo kù, dB-killer ni wọ́n ń pè é (dB la fi ń wọn ariwo). Bí ẹ bá yọ ọ́, ìfọwọ́sí náà bá a lọ nìyẹn. Ẹ má fetí sí ẹni tó bá ní bóòtù kan péré ló dì í mú.

Ẹni tó bá sì ń gba Austria kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti 2020 ni Tirol ti ń lé alùpùpù tí ariwo ìdúró rẹ̀ (èyí tí wọ́n wọ̀n nígbà tó dúró sójú kan) ju 95 dB kúrò lójú àwọn ọ̀nà kan ní agbègbè Reutte. Iye tó wà nínú ìwé máṣíìnì, níbi tí wọ́n kọ U.1 sí, ni wọ́n ń wò. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ ra sàlẹ́ńsà tó dákẹ́ jẹ́jẹ́ torí òfin yìí, ìwé rẹ̀ ṣì ń sọ 97. Ó pẹ̀yìn dà.

Ìyá Akoto:
Ẹ kú àlàyé o. Ẹ̀yìn ni èmi máa ń jókòó, mo sì rí i pé kò sẹ́ni tó bi ẹni ẹ̀yìn ní ìbéèrè kankan. Ọmọ Títì, ìyàwó rẹ ló sún mọ́ ẹnu páìpù yẹn jù. Wo ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Tó bá nà sókè, èéfín á máa fẹ́ sí i lẹ́yìn, aṣọ rẹ̀ á máa rùn tẹ́ ẹ bá dé. Wo ibi tí gìgísẹ̀ rẹ̀ máa wà náà. Mo ti fi bàtà kan jóná mọ́ sàlẹ́ńsà tí wọn ò fi ìbòrí ooru sí lára, rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ́ bí àbẹ́là.

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa dí etí yín. Atẹ́gùn inú akoto nìkan lè kọjá 90 dB lójú ọ̀nà márosẹ̀, kí a tó dé orí sàlẹ́ńsà rárá. Àwọn tó mọ̀ nípa ìlera etí ní Amẹ́ríkà, NIOSH, ní 85 dB fún wákàtí mẹ́jọ ni kéèyàn má kọjá, tó bá sì fi 3 dB lé sí i, kí wákàtí náà dín sí ìlàjì. Ẹ ṣírò ẹ̀: 94 dB, wákàtí kan ṣoṣo. Àmọ́ ohun tí a ń kì bọ etí, ìró òkè bíi ti atẹ́gùn ló ń dí jù. Kíkùn ìsàlẹ̀ tí Bàbá Sípánà ń sọ yẹn ń gba ara àti egungun wọlé, ẹ kò lè dí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pẹ̀lú wọn.

Fún àwa tá a wà ní Britain: tí wọ́n bá kọ "Not for road use" sí i lára, MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, kò ní gbà á, bó ti wù kó dákẹ́ tó. Kí ẹ sì sọ fún ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò yín pé ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìjàm̀bá kọ́ ló yẹ kó sọ fún wọn.

Omo Highway:
Ti Amẹ́ríkà ní ṣókí. 80 dB ni òdiwọ̀n EPA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, fún máṣíìnì ojú títì, láti àwọn tí wọ́n ṣe ní 1986, òǹtẹ̀ rẹ̀ sì máa ń wà lára sàlẹ́ńsà. California ló gbóná jù: máṣíìnì tàbí sàlẹ́ńsà tí wọ́n bá ṣe láti January 1, 2013 gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ EPA yẹn lára. Bí ẹni tó ta máṣíìnì bá sì halẹ̀ pé slip-on ti ba wáráńtì jẹ́, ẹ ní kó fi hàn yín pé slip-on yẹn ló fa ohun tó bàjẹ́. Òfin Magnuson-Moss ti 1975 wà lẹ́yìn yín.

Bàbá Sípánà:
Ẹ ṣé, ìyá. Ti bàtà yẹn pa mí lẹ́rìn-ín.

Ọmọ Títì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìgbà tí o bá fẹ́ dè é. Má fún bóòtù kankan pa níbẹ̀rẹ̀. So gbogbo rẹ̀ ní gbọ̀jẹ̀gẹ̀, jẹ́ kí sàlẹ́ńsà jókòó síbi tí ara tù ú, kí o wá máa fún un láti iwájú lọ sẹ́yìn. Èyí tí o bá fipá fà débi bóòtù, á sán níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Kí o tó tan ẹ́ńjìnnì, fi aṣọ tó mọ́ àti sípírítì nu gbogbo ara rẹ̀. Òróró ọwọ́ rẹ tó wà lára irin yẹn á jóná mọ́ ọn bí o bá ti tan án, àmì ìka márààrún á sì wà níbẹ̀ títí ayé. Mo ní ọ̀kan bẹ́ẹ̀ nílé, àtàǹpàkò mi hàn ketekete. Lẹ́yìn tí o bá ti gùn ún lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta tó sì ti tutù, padà wá fún àwọn bóòtù náà lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ooru ti mú kí wọ́n dẹ̀.

Gbé àpótí méjèèjì sí i pẹ̀lú ẹrù nínú wọn, kí ẹnì kan jókòó lẹ́yìn, kí o wá wo àlàfo tó ṣẹ́ kù. Àpótí máa ń wálẹ̀ tí ẹrù bá wà nínú rẹ̀. Ike tó sún mọ́ sàlẹ́ńsà jù á yọ́.

Béèrè bóyá ó ṣe é tú. Òwú tó ń gba ariwo mu nínú sàlẹ́ńsà tó là gbọọrọ máa ń jóná díẹ̀díẹ̀, ohùn á máa le sí i, ara rẹ̀ á máa gbóná ju tàtẹ̀yìnwá. Èyí tó ṣe é tú, o lè ra òwú tuntun kì sí i. Èyí tí wọ́n jó pa, o ti di oníbàárà wọn lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Kí o sì wo sítáǹdì àárín.

Ọmọ Títì:
Bàbá, ẹ kú ojú lọ́nà! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dùbúlẹ̀ wò ó ni. Rọ́bà tí sítáǹdì ń gbára lé tó bá ká sókè, ara sàlẹ́ńsà àtijọ́ ni wọ́n jó o mọ́. Tí mo bá yọ sàlẹ́ńsà yìí, kí ló máa dá a dúró?

Bàbá Sípánà:
Kò sí. Á máa gbá páìpù, tàbí kó ká sókè títí á fi kan ṣéènì. Àwọn tó ń ṣe slip-on gidi fún máṣíìnì tó ní sítáǹdì àárín máa ń fi irin kékeré kan sínú páálí tó máa dá a dúró. Béèrè rẹ̀ ní tààrà kí o tó sanwó. Kí o sì tọ́jú sàlẹ́ńsà àtijọ́ yẹn síbi tó gbẹ, ẹni tó máa ra máṣíìnì yìí lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ iwájú lè béèrè rẹ̀.

Ẹlẹ́ṣin Irin:
Mo ti ń kà yín bọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ Títì, irú máṣíìnì rẹ ni mo ní, slip-on titanium ló wà lára tèmi, irin sítáǹdì bá a wá. Ní 3,800 kò kùn. Ní nǹkan bíi 3,200 ó ń kùn díẹ̀ tí mo bá ń gun òkè, mi ò ní parọ́ fún ọ. Kọ sí mi ní kọ̀rọ̀, a lè pàdé lọ́jọ́ Sátidé. Gbé àpótí rẹ wá ká so wọ́n mọ́ tèmi, kí ìyàwó rẹ jókòó sẹ́yìn, kí o gùn ún lọ gùn ún bọ̀.

Ọmọ Títì:
Mo ti kọ sí yín, ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó mi ní òun máa wọ bàtà tí òun ò fẹ́ràn.