Mo ń ti Adó lọ sí Seoul: níbo ni mo ti lè jẹ ọbẹ̀ ẹran màlúù wọn láìnáwó púpọ̀?

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ibi iṣẹ́ mi ní Adó-Èkìtì ń rán mi lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì ní Seoul, olú ìlú Gúúsù Kòríà. Wọ́n ti sanwó ọkọ̀ òfúrufú àti yàrá, ṣùgbọ́n owó oúnjẹ tí wọ́n kó lé mi lọ́wọ́, ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo bá bá sọ̀rọ̀ ló ń sọ pé kí n rí i pé mo jẹ ọbẹ̀ ẹran màlúù wọn kan báyìí tó funfun. Mo wo fọ́tò rẹ̀, àyà mi já. Kò sí ata, kò sí epo, omi funfun lásán. Ṣé ó dùn lóòótọ́? Ṣé wọn ò ní lé mi bí èmi nìkan bá wọlé? Ẹ dákun, ẹni tó ti débẹ̀ ni kó dá mi lóhùn, kì í ṣe ẹni tó wò ó nínú fíìmù o.

Dèjì_Ìfàkì
Ṣé iyán ti tán l'Ékìtì ni o fi ń wá omi funfun kiri? 😀 Ra ìndómì dání, o jàre.

Ìyá_Oníyán_Baṣírì
Ọmọ mi, má dá Dèjì lóhùn. Ọmọ mi obìnrin bímọ síbẹ̀, mo sì lọ bá a wẹ ọmọ. Iyán ni mo ń gún tà, nítorí náà ojú alásè ni mo fi wo ilé oúnjẹ wọn. Ògiri aláràbarà ò lè tàn mí jẹ.

Ọbẹ̀ tí ò ń bèèrè yẹn, seolleongtang ni wọ́n ń pè é. Egungun màlúù ni wọ́n ń sè, ó máa ń ju wákàtí mẹ́wàá lọ lórí iná, títí ọ̀rá àti mùdùnmúdùn inú egungun á fi yọ́ pọ̀ mọ́ omi, tí gbogbo rẹ̀ á funfun. Mílíìkì kọ́ o. Ẹni tó bá ti se bọ̀kọ̀tọ̀ mọ́jú rí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ohun tí o gbọ́dọ̀ mọ̀ kí o tó jókòó ni pé wọn kì í fi iyọ̀ sí i. Rárá o. Wọ́n á gbé e wá bó ṣe ń rú èéfín, iyọ̀ á wà lórí tábìlì, ata á wà, àlùbọ́sà eléwé tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ á kún inú abọ́. Ìwọ lo máa sè é parí. Bí èmi bá gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ fún oníbàárà ní Baṣírì, ọjà mi ti tú lọ́jọ́ náà nìyẹn. Àmọ́ ní tiwọn, alásè gbà pé ìwọ lo mọ ẹnu ara rẹ.

Kọ́kọ́ bu ṣíbí kan mu bẹ́ẹ̀, kó o fi mọ bí egungun ṣe rí lẹ́nu. Wá fi iyọ̀ sí i, díẹ̀díẹ̀, kó o máa tọ́ ọ wò. Da àlùbọ́sà sí i dáadáa, wọn kì í gbowó rẹ̀. Nígbà tó bá ku ìdajì, da omi kkakdugi sí i. Gbòǹgbò funfun kan ni wọ́n ń gé ní igun mẹ́rin mẹ́rin, tí wọ́n á fi iyọ̀ àti ata pa á mọ́ títí á fi kan díẹ̀. Ó máa ń ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu, omi rẹ̀ sì pupa. Ọbẹ̀ yẹn á pọ́n, á ta díẹ̀, á sì kan díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbà fún wọn!

Imun Seolnongtang ni àna mi mú mi lọ, ní Jongno, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin Jonggak. Láti nǹkan bí ọdún 1904 ni wọ́n ní ilé náà ti wà. Àwọn bàbá àgbàlagbà ni mo bá níbẹ̀, kálukú dá jókòó sídìí abọ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Ta ni yóò wá lé ọ? Ibi tí wọ́n ti ń sun ẹran lórí tábìlì ni wọ́n ti máa ń fẹ́ kí èèyàn tó méjì. Kímchì, ìyẹn ewébẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ àti ata pa mọ́ títí á fi kan, wà nítòsí ọwọ́ rẹ, sísọ́ọ̀sì ni wọ́n sì fi ń gé e. Èyí yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó yá ju ọ̀bẹ lọ, mo ti ra ọ̀kan sí ìdí ààrò mi báyìí.

Ẹran inú rẹ̀ kò pọ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Wọ́n gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìrẹsì àti núdù ló ń yó èèyàn. Owó rẹ̀ kò tó 20,000 won (owó ilẹ̀ wọn nìyẹn), won kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá náírà kan dọ́gba nígbà tí mo lọ.

Ìjerò_ní_Seoul
Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ. Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́, tí o bá fẹ́ èyí tí ẹran wà nínú rẹ̀ dáadáa, wá gomtang lọ. Ẹran ni wọ́n ń sè jù níbẹ̀, kì í ṣe egungun, omi rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ilé oúnjẹ Hadongkwan ní àdúgbò Myeongdong ti ń tà á láti 1939, abọ́ idẹ ni wọ́n fi ń bù ú, ṣàkì sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ọ̀sán ni kó o lọ, torí bí ọbẹ̀ ọjọ́ yẹn bá ti tán, wọ́n á tìlẹ̀kùn. Michelin, ìwé tó ń yan ilé oúnjẹ tó dáa, ti kọ orúkọ ilé méjèèjì, Imun àti Hadongkwan, sí Bib Gourmand rí, ìyẹn àwọn ilé tí oúnjẹ wọn dáa tí owó rẹ̀ kò sì gani lára.

Bí ata bá ń pè ọ́, yukgaejang ni kó o bèèrè. Ó pupa, ó ń ta, ẹran rẹ̀ sì jẹ́ fọ́nránfọ́nrán. Naver Map, áàpù máàpù tiwọn, ni kó o fi wá ọ̀nà, Google Maps kì í fi ọ̀nà ẹsẹ̀ hàn dáadáa níbí. Wàá rí i lára ògiri pé wọ́n kọ ibi tí màlúù ti wá, òfin ló ní kí wọ́n kọ ọ́. Ti ilẹ̀ wọn, hanwoo, ló wọ́n jù. Ti Ọsirélíà àti Amẹ́ríkà máa ń dín owó kù.

Ìyá_Oníyán_Baṣírì
Kí ọbẹ̀ tán kí a tìlẹ̀kùn, èyí tó tọ́ gan-an nìyẹn! Àwọn kan níbí á máa bu omi kún un títí di alẹ́.

Ìdáyàtì_Ìkọ̀lé
Àwa tá à ń kírun ńkọ́? Ṣé a lè jẹ ẹ́?

Ìjerò_ní_Seoul
Màlúù ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í pa á nílànà ẹ̀sìn yín ní àwọn ilé wọ̀nyí. Ẹ lọ sí àdúgbò Itaewon ní Seoul níbí, ní agbègbè mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n ṣí ní 1976; ilé oúnjẹ hàláàlì pọ̀ yí i ká. Ẹ ṣọ́ra fún gukbap (ọbẹ̀ tí wọ́n da ìrẹsì sí) tí wọ́n bá kọ 돼지 sí, ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn. Ó pọ̀, pàápàá ní ìlú Busan.

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́
Ẹ ṣeun púpọ̀, màmá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé mo máa fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá ní nǹkan?

Ìyá_Oníyán_Baṣírì
Rárá, ọmọ mi. Dìde tí o bá jẹun tán, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń sanwó, iye tí wọ́n kọ ni wàá san. Má fi ṣíbí gún ìrẹsì dúró o, òkú ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Tí ọ̀gá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín bá bá yín jẹun, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mú ṣíbí. Bó bá nawọ́ nǹkan sí ọ, ọwọ́ méjèèjì ni kó o fi gbà á.