Ọmọ mi máa ń dákẹ́ lójijì, á wá ranjú mọ́ ibì kan, ṣé gìrì ni?

Ìyá Ràmọ́tà, Ìlọrin:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi obìnrin ni o, ọmọ ọdún 7, tó bá ń ka kéwú lọ́wọ́ á kàn dákẹ́ lójijì, á ranjú mọ́ ibì kan, ìpéǹpéjú ẹ̀ á máa gbọ̀n, ẹ pè é títí kò ní gbọ́, kì í sì í pẹ́, bí ìgbà téèyàn bá ka ení dé ẹ̀wá báyìí, á tún máa ka kéwú ẹ̀ lọ bíi pé nǹkankan ò ṣe é. Ó lè ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Kì í ṣubú, kò yọ ìfófó rí. Alfa ní kò fọkàn síṣẹ́, wọ́n ti nà án. Ìyá ọkọ mi ní gìrì ni, ká wá àgbo.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà:
Ìyá Ràmọ́tà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bẹ Alfa kí wọ́n má na ọmọ yẹn mọ́! Ara gbígbóná ló ń fa gìrì, ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5 ló sì sábà máa ń mú. Èyí tẹ́ ẹ sọ yìí jọ irú wárápá kan tí àwọn dókítà ń pè ní absence. Ọmọ tó kàn ń ronú, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án á wo yín, èyí ò ní mọ̀ pé ẹ kàn án. Ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀, fídíò yẹn á ran dókítà lọ́wọ́ gan-an, torí ó lè má ṣe é lójú wọn. Wọ́n lè ní kó máa mí kíákíá fún bíi ìṣẹ́jú 3, ó sábà máa ń gbé e dìde, wọ́n á sì ṣe EEG, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Ẹ má lọ ra oògùn wárápá fúnra yín ní kẹ́mísì o, carbamazepine tó bá ẹlòmíì lára mu lè jẹ́ kí irú èyí burú sí i.

Ọmọ Òmù-Àrán:
Antí Nọ́ọ̀sì, àbúrò mi ńkọ́? Ẹnu ló máa ń jẹ bíi pé oúnjẹ wà níbẹ̀, á máa fọwọ́ fa ẹ̀wù, bíi ìṣẹ́jú kan sí méjì, tó bá dá tán kò ní mọ ibi tó wà.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà:
Ìyẹn yàtọ̀, ó jọ èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti apá kan ọpọlọ. Bó ṣe ń pẹ́ yẹn àti bí kò ṣe tètè mọ ara ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ló fi yàtọ̀ sí ti Ràmọ́tà. Ẹ máa ṣọ́ ọwọ́ tó kọ́kọ́ gbọ̀n, tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ apá òsì ọpọlọ ló ti ń wá. Tó bá wá mú gbogbo ara, ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má rọ epo sí i lẹ́nu, ẹ wo aago, tó bá ti ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ọsibítù ni. Ẹ má sì sá fún ìfófó ẹ̀, wárápá kì í ràn.

Ìyá Ràmọ́tà, Ìlọrin:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi ránṣẹ́ sí Alfa. Mọ́ńdè a ń lọ UITH, ọsibítù Yunifásítì Ìlọrin, bàbá ẹ̀ ti gbà.