Ṣé prime number ni 1,000,009 lóòótọ́?

ỌmọKabba: Okun o ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi tó wà ní SS2 ló kó mi sí wàhálà, tíṣà wọn ní kí wọ́n lọ wò ó bóyá prime number ni 1,000,009, ìyẹn nọ́ńbà tó jẹ́ pé 1 àti òun fúnra ẹ̀ nìkan ló lè pín in láìṣẹ́kù. A fi 2 pín in, a fi 3, a fi 7, a pín in títí dé 97, àṣẹ́kù ni ṣáá. Mo ní kó kọ ọ́ pé prime ni jàre, ó ní rárá, pé wọ́n máa bi òun báwo lòun ṣe mọ̀. Àbí títí dé mílíọ̀nù la máa pín in ni?

TísàMopa: Okun, àbúrò. Ẹ ò lè dé mílíọ̀nù, 1000 lẹ máa dúró sí, torí 1001 lọ́nà 1001 gan-an ti kọjá 1,000,009. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tó dùn ju ìyẹn lọ. Bàbá kan tó ń jẹ́ Euler (1707–1783), ọmọ Switzerland tó lọ ń gbé ní Rọ́ṣíà, jókòó ti nọ́ńbà yìí gan-an nígbà ogbó ẹ̀, ojú ẹ̀ ti fọ́ nígbà yẹn o, ó sì kọ odidi àpilẹ̀kọ lé e lórí. Ẹ wò ó: 1000² + 3² ni, ìyẹn square méjì tá a rò pọ̀ (square ni nọ́ńbà lọ́nà ara ẹ̀, bíi 3² tó jẹ́ 3 lọ́nà 3). 972² + 235² náà sì ni. Prime kì í ní ọ̀nà méjì tá a lè gbà ro square méjì pọ̀ dì í láé, nítorí náà kì í ṣe prime, ẹ ò sì tíì pín nǹkan kan.

ÌyáÌbejìEgbe: Ta ló wá sọ 972 sí i létí? 😂

TísàMopa: Ẹ̀yìn nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ máa wò mà. Square kì í fi 2, 3, 7 tàbí 8 parí. Kí méjì tó lè pàdé kó fi 9 parí, àfi 0 àti 9, tàbí 4 àti 5. Á jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ ṣeé fi 5 pín. Ẹ máa gbé 5, 10, 15 lọ, ẹ yọ square ẹ̀ kúrò nínú 1,000,009, kẹ́ ẹ wo bóyá square ló kù, ẹ máa kan 235.

OmoIsanlu: Gbogbo wàhálà yìí! Ká ní ẹ rọ́jú kọjá 97 ni, ẹ̀ bá ti kan 293.

ỌmọKabba: Ẹ ṣé o. 293 lọ́nà mélòó?

TísàMopa: 3413. Ẹ̀yin náà lè fọwọ́ ṣe é. 1000 yọ 972 jẹ́ 28, 235 yọ 3 jẹ́ 232, nọ́ńbà tó tóbi jù tó lè pín méjèèjì ni 4, ìdajì ẹ̀ 2. Ẹ wá ro wọ́n pọ̀: 1972 àti 238, 34 ló lè pín wọn, ìdajì ẹ̀ 17. 2² + 17² = 293. Ẹ ní kí àbúrò yín fi bẹ́ẹ̀ ṣe 1,000,001 wò, 1000² + 1² ni, ó tún jẹ́ 980² + 199².

ỌmọKabba: Ó ní 101 lọ́nà 9901. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ó bọ́ sí i géérégé.